Ta Ní Ń Bọ́ Ìyá Inú Eré?

Ní Libreville, olú ìlú Gabon, kò ṣòro láti bá ojúlùmọ̀ pàdé lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó bá yí i sí ìkànnì Nollywood TV lè rí Patience Ozokwor, Mama G wa, tó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ sí ìyàwó ọmọ rẹ̀ lọ́rùn. Ohun tó máa ya ará ilé lẹ́nu ni pé Faransé ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ti fi ohùn obìnrin mìíràn bo tirẹ̀, nítorí Faransé ni èdè ìjọba Gabon. Síbẹ̀, kò sí ọmọ Fang tàbí ọmọ Nàgó tó ń tajà lọ́jà Mont-Bouët tó máa wò ó tí kò ní mọ̀ pé ìyá ọkọ burúkú ti dé.

Irú òṣèré bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, èyí tí kì í ṣe olórí eré. Òun ni ìyá ọkọ, ìyá olóúnjẹ, àyálégbé tó ń yọjú lójú fèrèsé, ẹlẹ́rìí tó ń pàrọ́ ní kóòtù. Orúkọ rẹ̀ kì í ṣáájú lára pátákó, àmọ́ bí kò bá sí níbẹ̀, eré á ṣófo. Ìbéèrè tí mo ní nípa rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ta ní ń bọ́ ọ? Ẹni tí wọ́n ń pè fún ipa kékeré lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kò lè pe eré ṣíṣe ní iṣẹ́.

Nílé wa, ẹgbẹ́ eléré ló kọ́kọ́ dáhùn. Nígbà tí Hubert Ogúnńdé dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọdún 1940 sí 1949, obìnrin tó ń ṣeré lórí ìtàgé kò níyì lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Bàbá ò fẹ́ kí ọmọ òun lọ, ọkọ ò fẹ́ kí ìyàwó òun lọ. Ọgbọ́n tí Ogúnńdé dá sí i ni pé ó fẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ sílé. Bí ẹgbẹ́ ṣe di ilé nìyẹn, tí ilé sì di ẹgbẹ́. Ní Òṣogbo, Grace Oyin-Adéjọbí, tí a mọ̀ sí Ìyá Òṣogbo, wà nínú ẹgbẹ́ ọkọ rẹ̀, Oyin Adéjọbí. Ẹgbẹ́ yìí ló gbé Kóòtù Aṣípa sórí tẹlifíṣọ̀n, eré tí wọ́n ti ń dá ẹjọ́ tọkọtaya àti aládùúgbò. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, ẹnu àwọn ẹlẹ́jọ́ àti ẹlẹ́rìí ni adùn wà.

Owó tó bá wọlé lálẹ́ eré, ọwọ́ ọ̀gá ló ń bọ́ sí, òun ló sì mọ bó ṣe máa pín in. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé ìyá inú eré kì í wá ipa kiri; ipa ló ń wá a wá sílé. Ewu ibẹ̀ ni pé bí baálé bá kú, iṣẹ́ lè bá a lọ. Ìdòwú Philips mọ èyí. Augustine Ayánfẹ́mi Philips, ọkọ rẹ̀, ló ni ẹgbẹ́ Òṣùmàrè, ibẹ̀ sì ni orúkọ Ìyá Rainbow ti wá. Lẹ́yìn ikú ọkọ, òun nìkan ló kù tó ń gbé orúkọ náà kiri. Ipa ìyá tó ń gbà lọ́wọ́ onírúurú adarí eré àgbéléwò ló sọ ọ́ di ẹni tí tọmọdé tàgbà mọ̀.

Tẹlifíṣọ̀n mú ìdáhùn mìíràn wá. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ṣí WNTV n'Ìbàdàn. Ìjọba àpapọ̀ kọ́ ló ni ín, ti ẹkùn wa ni. Nígbà tó di 1968, Village Headmaster bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n l'Ékòó, ó sì wà títí di 1988. Olùkọ́ àgbà ni wọ́n fi sọ eré náà lórúkọ, èèyàn mẹ́ta sì ṣe olùkọ́ àgbà náà tẹ̀léra: Ted Mukoro, Fẹ́mi Robinson àti Justus Esiri. Àmọ́ obìnrin olófòófó tí Ibidun Allison ṣe, ìyẹn Amebo, ni orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu ọmọ Nàìjíríà títí dòní, àní lẹ́nu àwọn tí wọn ò tíì bí nígbà tí eré náà parí.

Ẹni tó bá mọ WNTV ti mọ ìdajì ohun tó wà ní Manchester, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn òfin tẹlifíṣọ̀n ọdún 1954, wọ́n pín ITV, tẹlifíṣọ̀n aládàáni tuntun, ní ẹkùnẹkùn níbẹ̀. Granada ló gba iṣẹ́ àríwá; Manchester ló fìdí kalẹ̀ sí, ó sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1956. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1960 ló gbé Coronation Street jáde, eré nípa àwọn mẹ̀kúnnù tó ń gbé ní òpópónà kan, tí wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ bí ará àdúgbò wọn ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an. Bí ìgbà tí èèyàn bá gbé eré Ìjẹ̀ṣà sórí tẹlifíṣọ̀n ni, tí kò sì ní kí òṣèré kankan yí ahọ́n padà sí Yorùbá inú ìwé. Ọmọ ẹkùn náà ni irú ipa bẹ́ẹ̀ bá lára mu.

Ọ̀kan nínú wọn ni Jean Alexander. Liverpool ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1926. Ilé ìkàwé ló ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ kó tó wọ ẹgbẹ́ eré ní 1949. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wà ní àwọn tíátà kéékèèké àríwá. Bó ṣe ń ṣeré, bẹ́ẹ̀ ló ń tọ́jú aṣọ eré. Ní 1962, Granada pè é fún ipa ránpẹ́ kan nínú Coronation Street, ó ṣe é, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ní 1964 ni wọ́n tún pè é, pé kó wá ṣe Hilda Ogden, agbálẹ̀ ilé ọtí, olófòófó paraku, tí Stan ọkọ rẹ̀ kò fẹ́ràn iṣẹ́.

Alexander fúnra rẹ̀ ló ronú bí irun Hilda ṣe máa rí. Ó rántí àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ohun ìjà nígbà ogun Hitler. Wọ́n máa ń fi rólà ká irun wọn, wọ́n á sì wé ìborí lé e, kí irun ti wà ní sẹpẹ́ bí òde kan bá yọjú lálẹ́. Hilda náà ń fi rólà ká irun láàárọ̀ lálẹ́, àmọ́ òde tó ń múra dè kì í fẹ́ dé.

Ní 1984, Bernard Youens tó ń ṣe Stan kú, Stan náà sì ní láti kú nínú eré. Lẹ́yìn ìsìnkú, Hilda dá jókòó, ó tú ẹrù ọkọ rẹ̀ tí wọ́n fi bébà dì. Ó ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan ilé tí Stan máa ń fi awò ojú rẹ̀ sí. Ìgbà tó ṣí i ló bú sẹ́kún. Kò sọ gbólóhùn kan. Lọ́dún 1985, ẹgbẹ́ Royal Television Society fún Alexander ní àmì ẹ̀yẹ.

Kì í ṣe ọkọ ló ń bọ́ obìnrin yìí, kì í sì í ṣe ọ̀gá tó ń pín owó lálẹ́ eré. Ìwé àdéhùn ló ń bọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni eré náà ń jáde nígbà tó wà níbẹ̀, eré tó bá sì ń jáde tó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe láìní agbálẹ̀. Ọdún 23 ló lò. Lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún 1987 tí Hilda dágbére, àwọn tó jókòó ti tẹlifíṣọ̀n lé ní mílíọ̀nù 26. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ló wọ Last of the Summer Wine, eré BBC tí wọ́n ń yà ní Yorkshire, ó sì wà nínú rẹ̀ títí eré náà fi parí ní 2010. Ó kú ní 2016, lẹ́ni 90 ọdún.

Manchester yìí kan náà ni ọmọ Yorùbá kan dàgbà sí. Zaria ni wọ́n ti bí Wunmi Mosaku ní 1986, àwọn òbí rẹ̀ sì gbé e dé Manchester nígbà tó kéré gan-an. Ó kọ́ṣẹ́ eré ní ilé ẹ̀kọ́ RADA ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì jáde ní 2007. Ọ̀nà Alexander ni òun náà bá wọlé, ọ̀nà ipa kéékèèké: ọlọ́pàá nínú Vera, tí wọ́n yà ní ẹkùn Newcastle, olóṣèlú tó wá da abúlé kan láàmú nínú In the Flesh. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016, BBC gbé Damilola, Our Loved Boy jáde, ìtàn ìdílé Damilọ́lá Taylor, ọmọ ọdún mẹ́wàá tí wọ́n pa ní Peckham ní 2000. Mosaku ló ṣe Gloria, ìyá ọmọ náà. Lọ́dún 2017, BAFTA fún un ní àmì ẹ̀yẹ òṣèrébìnrin amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá Yorùbá, irú èyí tí Ìyá Òṣogbo ti ń ṣe nílé tipẹ́, ló fi gbẹ̀yẹ nílùú ọba.

Libreville wá ńkọ́? Gabon kò pẹ́ rárá kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1960 ló gba òmìnira bíi tiwa, tẹlifíṣọ̀n sì dé ibẹ̀ ní 1963. Lọ́dún náà ni La Cage, fíìmù tí Philippe Mory, ọmọ Gabon, wà nínú rẹ̀, díje ní àjọ̀dún fíìmù Cannes. Mory ti kó olú ipa nínú fíìmù Faransé kan, On n'enterre pas le dimanche, ní 1960; ní 1972, òun fúnra rẹ̀ darí Les tam-tams se sont tus. Obali jáde ní 1977, Ayouma ní 1978. Joséphine Bongo, ìyàwó ààrẹ, ẹni tí ayé padà mọ̀ sí olórin Patience Dabany, ló kọ ìtàn àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn ìyẹn, fíìmù wá ń jáde ní ẹyọ ẹyọ. Ní 2000, Imunga Ivanga gbé Dôlè jáde, ìtàn àwọn ọmọdékùnrin Libreville tó fẹ́ ja ilé tẹ́tẹ́ lólè, ó sì gba ẹ̀bùn Tanit oníwúrà ní àjọ̀dún fíìmù Carthage, ní Tùnísíà.

Ẹ wá fi ojú òṣèrébìnrin tó ń ṣe ìyá wo gbogbo ìtàn yẹn. Nínú Dôlè, àìsàn ìyá Mougler, ọ̀kan nínú àwọn ọmọdékùnrin náà, àti owó oògùn rẹ̀ wà lára ohun tó ń ti ọmọ náà sídìí olè. Ipa tó nítumọ̀ ni, àmọ́ fíìmù ẹyọ kan ni. Nígbà tí wọ́n bá yà á tán, ta ló tún máa pè é, ìgbà wo sì ni? Gbogbo èèyàn Gabon kò tó mílíọ̀nù mẹ́ta, Èkó nìkan fi ìlọ́po jù wọ́n lọ, nítorí náà tíkẹ́ẹ̀tì ẹnu ọ̀nà kò lè bọ́ ẹgbẹ́ níbẹ̀ bó ṣe bọ́ ti Ogúnńdé. Eré ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ti fi Faransé bo ohùn rẹ̀ sì rọrùn láti gbé sáfẹ́fẹ́ ju kí wọ́n ya tiwọn lọ. Wákàtí tí Mama G ń lò níbẹ̀, wákàtí tí ìyá inú eré Libreville kò rí lò ni.

Ìdí nìyí tí iṣẹ́ Samantha Biffot fi ṣe pàtàkì lójú mi. Ọmọ Libreville ni, ó dá ilé iṣẹ́ Princesse M Productions sílẹ̀ ní 2010, ó sì ya L'Œil de la cité, eré tẹlifíṣọ̀n alápá púpọ̀ tó gba ẹ̀bùn ní àjọ̀dún fíìmù FESPACO ní Ouagadougou ní 2013. Eré alápá púpọ̀ ló ń ní àyálégbé, aládùúgbò àti nọ́ọ̀sì tí wọ́n gbọ́dọ̀ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Kí àwa náà má sì yangàn jù. Ẹgbẹ́ alárìnjò ti tú ká, àwọn ìyá inú eré wa sì ti di alágbàṣe tó ń ti orí eré YouTube kan bọ́ sí òmíràn, ọjọ́ kan níbí, ọjọ́ méjì lọ́hùn-ún. Bí àìsàn bá dé, a máa ń rí àwọn àgbà òṣèré tó ń bẹ ará ìlú fún owó ìwòsàn, lẹ́yìn tí gbogbo wa ti fi wọ́n rẹ́rìn-ín fún ogún ọdún. Ẹni tó bá ń gbèrò láti gbé iṣẹ́ eré ga, ìbáà ṣe ní Libreville tàbí n'Ìbàdàn, kó kọ́kọ́ sọ iye ọ̀sẹ̀ tó máa fi pe ìyá àyálégbé síbi iṣẹ́ lọ́dún, kó sì kọ owó rẹ̀ sínú ìwé tí àwọn méjèèjì máa fọwọ́ sí. Àmì ẹ̀yẹ lè dúró díẹ̀.