Eré Òṣùpá fún Ọmọ Akólòlò

Ọjọ́ 22 oṣù October li a yà sọ́tọ̀ ní gbogbo ayé láti ọdún 1998 nítorí àwọn akólòlò. Ó yẹ kí àwa ará Òkè-Ọ̀dàn náà ro ti wọn. Ọmọ tí ó mọ ìdáhùn, ṣùgbọ́n tí kò jẹ́ nawọ́ ní kíláàsì nítorí ẹ̀rín ẹgbẹ́ rẹ̀, lè tipa bẹ́ẹ̀ kọ ilé-ìwé sílẹ̀.

Kíkólòlò kì í ṣe àìgbọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe èpè. Ọ̀nà tí ọpọlọ fi ń darí ọ̀rọ̀ sísọ li ó yàtọ̀, ó sì máa ń rìn nínú ìdílé. Nínú 100 ọmọdé, bí 5 ni yóò kólòlò nígbà kan. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn a sì bọ́ nínú rẹ̀. Láàrin àgbàlagbà, bí 1 nínú 100 li ó kù.

Ẹrù méjì li akólòlò ń rù: ọ̀rọ̀ tí ó há, àti ìbẹ̀rù pé yóò há. Eré kì í mú ti ìṣáájú kúrò pátápátá, ṣùgbọ́n a máa mú ti èkejì fúyẹ́. Ẹ dán ìwọ̀nyí wò.

Èkíní, àlọ́. Bí akólòlò bá ń bá àwọn ẹlòmíràn kọrin, ọ̀rọ̀ kì í sábà há a lẹ́nu. Kí ó máa gbe orin àlọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ yòókù, títí òun tìkára rẹ̀ yóò fi fẹ́ pa àlọ́.

Èkejì, ayò. Kí àgbà ta, kí ó fi gbólóhùn kúkúrú sọ ohun tí ó ṣe, láìkánjú. Kí ọmọ náà sì ta, kí ó sọ tirẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ọjà àfiṣeré. Kí ó fi ewé ṣe owó, kí ó ra iyọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí èyí bá rọrùn, kí ó ra ti òtítọ́ lọ́wọ́ aládùúgbò. Lẹ́yìn náà, kí ó dá lọ sí ọjà. Díẹ̀díẹ̀ li imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.

Ẹ má ṣe gbá a lẹ́nu, ẹ má sì ṣe wí fún un pé, “Tètè sọ ọ́!” Bí kíkólòlò bá ju oṣù 6 lọ, tàbí tí ọmọ bá ń sá fún ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn, kí a lè tọ́ka yín sí ẹni tí a kọ́ ní ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ, irú èyí tí ó wà ní University College Hospital ní Ìbàdàn.

Kò sì pẹ́ jù fún àgbàlagbà. Ẹni ọdún 30 ni ẹni tí ó di Ọba George Kẹfà, nígbà tí ó tọ olùkọ́ rẹ̀, Lionel Logue, lọ ní 1926. Kíkólòlò rẹ̀ kò tán pátápátá, síbẹ̀ ní 1939 ó bá gbogbo ìjọba rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí rédíò nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀.

Àwọn baba wa wí pé, bí ó pẹ́ bí ó yá, akólòlò yóò pe baba. Kí baba kí ó ní sùúrù láti dúró gbọ́.