Kí Ẹnu Wáyà Bá Ojú Iná Mu

Ìka kò dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹnu wáyà inú ilé wa kò dọ́gba. Ìyá ilé lè ra bílẹ́ńdà tòkunbọ̀ ní Ìpọ̀nrí, kí ó délé kí ó rí i pé ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni púlọ́ọ̀gì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ojú mẹ́ta ni sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri ní. Ọ̀pọ̀ a wá fi bíìrò ti ojú òkè kí ẹsẹ̀ méjì náà lè wọlé. Ẹ̀yin ìyá, ewu ńlá ni.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti gba púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ọdún 1947 ni wọ́n fi ìlànà rẹ̀ lélẹ̀ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ òkè, tó gùn jù, ni ó ń ṣí ìlẹ̀kùn kékeré tó bo ojú méjì ìsàlẹ̀, kí ọmọdé má baà ki ìṣó tàbí ṣíbí bọ̀ ọ́. Òun náà ni ó ń darí iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Fíúsì tún wà nínú rẹ̀, tí yóò já bí iná bá pọ̀ jù, kí okùn tó jó. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì kò ní fíúsì. Bí kò bá sì fún dáadáa, yóò máa ṣẹ́ná, yóò sì máa gbóná.

Ti fóònù ńkọ́? Nígbà tí GSM dé Nàìjíríà ní ọdún 2001, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹnu ṣájà tirẹ̀. Nokia nìkan ní ẹnu nínípọn, ó tún ní tín-ín-rín. Bí a bá pààrọ̀ fóònù, ṣájà àtijọ́ di ìpatì. USB ti jáde láti ọdún 1996, ṣùgbọ́n USB-C, tí kò mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀, ni ó dé ní ọdún 2014. Láti ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2024, òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti sọ ọ́ di dandan fún fóònù tuntun tí wọ́n ń tà níbẹ̀. Okùn kan ṣoṣo ti lè tó fún baba, ìyá àti ọmọ.

Nítorí náà:

1. Ẹ ka ara ẹ̀rọ tòkunbọ̀ kí ẹ tó sanwó. Fóòtì 120 ni ti Amẹ́ríkà. 230 ni tiwa.

2. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ mànàmáná fi púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ní fíúsì sí i.

3. Bí fíúsì bá já, ẹ má fi wáyà lásán dípò rẹ̀. Ti 3 ni kí ẹ fi sí iná orí tábìlì, ti 13 sí áyọ́ọ̀nù.

4. Okùn ṣájà tó bó, tàbí tó ń gbóná janjan, ẹ kó o dànù. Ẹ má sì fi fóònù tó ń gba iná sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ohun tí ìyá bá fi bíìrò ṣe lónìí, ọmọ tó ń wò ó lè fi ìṣó dán an wò lọ́la.