Àṣá méjì nínú ẹbí kan: ọ̀kan gbilẹ̀ káyé, èkejì ti pa rẹ́

Àṣá kékeré tí àwọn Òyìnbó ń pè ní kestrel kì í ṣe ẹyẹ tó ṣọ̀wọ́n. Ó wà ní Yúróòpù, ó wà ní Éṣíà, ó sì wà ní Áfíríkà títí kan Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ó ní ìbátan kan tí ojú kò ní rí mọ́ láéláé: àṣá erékùṣù Réunion, tó wà nínú Òkun Íńdíà.

Èyí tó wà láàyè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 32 sí 39. Ohun tí a fi ń dá a mọ̀ ni pé ó máa ń dúró sójú kan lófuurufú, yóò kọjú sí afẹ́fẹ́, yóò máa ju apá, yóò sì máa wo ilẹ̀ títí yóò fi rí eku tàbí tata. Kì í ṣa oúnjẹ jẹ, kì í sì í yan ibùgbé. Inú ihò igi, pàlàpálá àpáta, àní ara ilé gíga nínú ìlú ńlá, ibi gbogbo ló ń yé sí.

Ní ti àṣá Réunion, egungun rẹ̀ tí wọ́n wú nílẹ̀ àti àkọsílẹ̀ Dubois, arìnrìn-àjò ará Faransé, ni ẹ̀rí tó kù. Dubois wà níbẹ̀ ní 1671 sí 1672. Ó ní bí ẹyẹ náà ti kéré tó, ó ń gbé adìyẹ jẹ. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1700, ó ti pa rẹ́. Ní 1994, wọ́n fi orúkọ Dubois sọ ọ́: Falco duboisi.

Ìyàtọ̀ wọn kò ju èyí lọ: ọ̀kan ní odidi ilẹ̀ mẹ́ta, èkejì ní erékùṣù kan péré. Láti àwọn ọdún 1660 tí àwọn ènìyàn ti tẹ̀dó sí Réunion, wọ́n gé igbó, ológbò àti eku sì tẹ̀lé wọn dé. Ẹyẹ náà kò níbòmíràn tí yóò sá lọ.

Àṣá Mauritius tó múlé tì í fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Igbó tí wọ́n gé àti oògùn apakòkòrò DDT dín in kù di 4 tí wọ́n mọ̀ nínú igbó ní 1974. Carl Jones àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ẹyin rẹ̀, wọ́n pa á, wọ́n tọ́ ọmọ dàgbà, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀ padà. Ó di ọgọ́rọ̀ọ̀rún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì wà nínú ewu.

Yorùbá ní àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Ọwọ́ ará ilẹ̀ náà sì ni ẹ̀mí rẹ̀ wà.