Jíjábọ́ láti orí òrùlé: ewu tí ó ṣeé dènà

Òjò tí ó ju 2,500 mílímítà lọ ni ó ń rọ̀ sí ìlú Warri, ní ìpínlẹ̀ Delta, lọ́dọọdún. Ìdí nìyí tí páànù kíkàn àti àtúnṣe òrùlé kì í fi í tán lórí àwọn ilé ìtajà àti ilé ìkẹ́rùsí ní àdúgbò bí Ekurede-Urhobo. Òjò kan náà tí ó ń mú iṣẹ́ wá ni ó sì ń mú kí òrùlé máa yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́.

Jíjábọ́ láti ibi gíga wà lára ohun tí ó ń pa àwọn òṣìṣẹ́ ìkọ́lé jù lọ lágbàáyé. Ẹni tí kò bá kú lè fi orí ṣèṣe, tàbí kí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́. Bí okùn inú eegun ẹ̀yìn bá bàjẹ́, ẹsẹ̀ méjèèjì lè rọ títí láé.

Kì í ṣe etí òrùlé nìkan ni ewu wà. Páànù asbestos tí ó ti gbó, àti èyí oníke tí a fi ń gba ìmọ́lẹ̀, lè já lójijì bí ènìyàn bá tẹ̀ wọ́n. Ó yẹ kí a tẹ́ pákó tí ó nípọn lé wọn, kí a sì fi igi tàbí irin ṣe ọgbà sí etí òrùlé. Bí a bá gbé àkàbà ti ògiri, fún ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ní gíga, kí ìdí rẹ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà kan jìnnà sí ògiri. Kí orí rẹ̀ sì fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ga ju etí òrùlé lọ. Òṣìṣẹ́ ní láti wọ bẹ́líìtì ààbò, ṣùgbọ́n asán ni bẹ́líìtì tí a kò so okùn rẹ̀ mọ́ ohun tí ó lágbára. Nígbà òjò àti ìjì, kí iṣẹ́ dúró.

Bí ẹnì kan bá já bọ́, a kò gbọdọ̀ fà á dìde tàbí kí a gbé e sórí ọ̀kadà. Kí ó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, kí a má ṣe yí ọrùn rẹ̀, títí àwọn elétò ìlera yóò fi dé.

Ẹ̀wẹ̀, òfin ọdún 2010 lórí owó ìtanràn fún òṣìṣẹ́ tí ó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, èyí tí àjọ NSITF ń bójú tó, kò yọ òṣìṣẹ́ ojúmọ́ àti ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ tàbí ẹbí rẹ̀ gbọdọ̀ fi tó agbanisíṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ 14. Agbanisíṣẹ́ sì ní ọjọ́ 7 láti jábọ̀ fún àjọ náà.

Síbẹ̀, kò sí owó tí ó lè dá ẹsẹ̀ tí ó ti rọ padà. Láti ìsàlẹ̀ ni a ti ń gun igi: kí onílé àti kọngílá ti ṣírò owó ààbò mọ́ owó páànù kí ẹnikẹ́ni tó gun òkè.