Ẹni tó kọ́kọ́ kọ́lé sórí gọ́tà

Ètò wà ní Festac, l'Ékòó, nígbà tí ìjọba kọ́ ọ fún àjọ̀dún àṣà àwọn adúláwọ̀ ní 1977. Àfẹ́núù ńláńlá ní nọ́ńbà, kúlóòsì yà lára wọn, koríko wà láàárín ilé, ọ̀pá ẹ̀gbin gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn àjọ̀dún, wọ́n fi ìbò pín ilé fún aráàlú, Federal Housing Authority (FHA) sì ń bójú tó o.

Ètò yẹn ò bàjẹ́ lọ́jọ́ kan. Ẹnìkan gbé kọ́ńtínà síwájú ilé, ó ń ta bisikíìtì àti omi inú ọ̀rá. Oṣù ń gorí oṣù, kò sẹ́ni tó bi í. Aládùúgbò rẹ̀ lẹ yàrá kan mọ́ ara filáàtì. Ẹnì kẹta mọ ògiri yí koríko gbogbo kúlóòsì ká. Nígbà tó kan ẹnì kẹrin, orí gọ́tà ló kọ́ tirẹ̀ sí. Tí o bá bi í, kò ní sọ pé òun ò mọ òfin. "Ṣé èmi nìkan ni?" ni yóò dá ẹ lóhùn.

Ní Groningen, ní ilẹ̀ Netherlands, olùwádìí Kees Keizer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán ìdáhùn yẹn wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní 2008. Wọ́n fi ọgbà irin dí ẹnu ọ̀nà ibi ìgbọ́kọ̀sí kan, àmọ́ wọ́n fi àlàfo sílẹ̀. Àkọlé méjì wà níbẹ̀: ẹ má so kẹ̀kẹ́ mọ́ ọgbà, ẹ má gba ibí kọjá, ẹnu ọ̀nà mìíràn wà ní 200 mítà. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ mẹ́rin kàn dúró nítòsí, tí wọn ò so wọ́n, èèyàn 27 nínú 100 ló gba àlàfo náà. Nígbà tí wọ́n so wọ́n mọ́ ọgbà, ó di 82.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíyè sí i: òfin kẹ̀kẹ́ ni wọ́n rú, òfin ọ̀nà ni àwọn tó ń kọjá tìtorí rẹ̀ rú. Ohun tí kọ́ńtínà ṣe fún gọ́tà nìyẹn. Ẹni tó gbé kọ́ńtínà síta ò bá ẹnì kẹrin sọ̀rọ̀ rí. Ojú ẹnì kẹrin ló sọ fún un pé wọn kì í mú èèyàn níbí.

Mi ò sọ pé owó ò sí lára ohun tó fà á. Ilé wọ́n l'Ékòó. Ẹni tó ra ilẹ̀ l'Ámúwò-Ọ̀dọ̀fin, níbi tí Festac wà, lè ní ìwé àwọn ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́, kí FHA ní tòun ni, kí ìjọba Èkó náà ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé dà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó fi í lọ́kàn balẹ̀ kó tó sanwó: ilé mẹ́ta ti wà létí kànáà níbẹ̀, kọ́tìnnì wà lójú fèrèsé, mítà NEPA wà lára ògiri. Lójú rẹ̀, ìyẹn ju ìwé lọ.

Ní 2023, FHA kéde pé ilé 677 ni àwọn fẹ́ wó ní Festac. Kò sí ẹni tó ń kọ́ ilé 677 lóru ọjọ́ kan. Ó ṣojú àwọn alábòójútó, ó sì ṣojú àwa aládùúgbò náà. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Tí òjò bá rọ̀, tí gọ́tà ò ríbi gbà, ilé ẹni tó pa òfin mọ́ lomi ń wọ̀.

Nítorí náà, ọjọ́ tí wọ́n bá tú yanrìn kalẹ̀ ló yẹ kí òṣìṣẹ́ ìjọba dé, kí ó sì dé ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́. Ní Groningen, kẹ̀kẹ́ mẹ́rin péré ló wà láti tú. Ní Festac, tí wọ́n bá dúró di ìgbà òrùlé, ìdílé tó ń sùn sínú ilé náà ni kátápílà fẹ́ bá.