Iná Pupa Tí Kò Kú: Ọ̀rọ̀ Omi Inú Ọkọ̀ Tí Ó Ti Pẹ́

Ní ọ̀pọ̀ ibùdókọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ènìyàn kò ní ṣàì rí Volkswagen Golf tí ó ti pẹ́ láyé, pàápàá irú èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní Golf 3, tí àwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ọdún 1991. Ọkọ̀ náà ti dàgbà, ṣùgbọ́n ó ṣì ń kó èrò lọ sí ọjà, ó sì ń gbé oúnjẹ wọlé fún ọ̀pọ̀ ìdílé. Àìsàn kan wà tí ó máa ń yọ àwọn tí ń wà á lẹ́nu. Iná pupa kékeré kan wà níwájú awakọ̀ tí a máa ṣẹ́jú láìdáwọ́ dúró. Awakọ̀ a bu omi kún ike omi, iná a kú. Kí ó tó di ọ̀túnla, iná tún ti dé. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, omi kún dáadáa, síbẹ̀ iná náà kọ̀, kò kú.

Iṣẹ́ méjì ni àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà fi rán iná kan ṣoṣo yìí. Èkíní ni pé kí ó kìlọ̀ nígbà tí omi tí ń tu ẹ́ńjìnnì lára bá dín kù. Èkejì ni pé kí ó kìlọ̀ nígbà tí omi náà bá gbóná ju bí ó ti yẹ lọ. Nítorí náà, ẹni tí iná bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú fún lójú ọ̀nà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo abẹ́rẹ́ tí ń fi ìgbóná hàn. Bí abẹ́rẹ́ bá ti ń gòkè kọjá ibi tí ó máa ń wà, kí ó yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí ó pa ẹ́ńjìnnì, kí ó sì fi í sílẹ̀ kí ó tutù. Bí abẹ́rẹ́ bá wà ní ipò rẹ̀ pàápàá, kí ọkàn má tíì balẹ̀, nítorí ìgbóná omi ni abẹ́rẹ́ náà ń wọ̀n. Bí omi bá ti tán pátápátá níbi tí ohun tí ń wọ̀n ọ́n wà, abẹ́rẹ́ lè máa fi irọ́ tu awakọ̀ nínú nígbà tí irin ń jó.

Omi ni ó ń gbé ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Wọ́tà pọ́ǹpù a máa tì í yí inú irin ká, a gba inú họ́ọ̀sì lọ sí rédíétọ̀, atẹ́gùn a fẹ́ ẹ tutù níbẹ̀, a sì tún padà. Nígbà tí ohun gbogbo bá ń lọ déédéé, omi náà a máa wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 90 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì. Nínú ìkòkò tí a kò dé, omi a máa hó ní ìwọ̀n 100. Ṣùgbọ́n ìdérí ike omi ọkọ̀ kì í ṣe ìdérí lásán. Ó dé e pinpin tó bẹ́ẹ̀ tí ipá inú rẹ̀ fi ń ga ju ti ìta lọ. Bí ipá náà bá di ìlọ́po méjì ti afẹ́fẹ́ ìta, omi kò ní hó títí yóò fi tó nǹkan bí ìwọ̀n 120. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọdọ̀ ṣí ìdérí náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná. Omi tí a tì mọ́lé tí kò hó yóò hó lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì ru jáde sí ojú àti àyà ẹni tí ó ṣí i.

Àwọn àgbà yóò rántí Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Èkó ní ọdún 1975. Ìyẹn kò ní rédíétọ̀ rárá; atẹ́gùn ni ó ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára. Bóyá ara rẹ̀ ni àwọn kan ti kọ́ láti fojú tín-ín-rín omi ọkọ̀.

Ìdánwò àkọ́kọ́ kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí a tó ta ẹ́ńjìnnì jí, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, kí a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí a sì wo ike funfun rìbìtì tí a kọ MIN sí nísàlẹ̀ àti MAX sí lókè. Àárín méjèèjì ni omi gbọ́dọ̀ wà. Kí a fi bírò sàmì sí ara ike náà níbi tí omi dé gan-an, kí a sì kọ ọjọ́ sílẹ̀. Fún ọjọ́ méje, ní àkókò kan náà ní òwúrọ̀, kí a máa wò ó láìbu omi kankan sí i, àfi bí ó bá fẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀ MIN. Bí a bá ní láti bù ú, kí a kọ iye tí a bù sílẹ̀. Ẹni tí ó ń fọ́n omi sí i láràárọ̀ láìwo ibi tí ó dé ti fọwọ́ ara rẹ̀ pa ipasẹ̀ olè rẹ́.

Bí ọjọ́ méje bá pé tí omi kò kúrò lójú àmì, tí iná sì ń ṣẹ́jú, tí abẹ́rẹ́ kò sì gòkè, ońṣẹ́ ni ó ń purọ́. Bí omi bá ń lọ sílẹ̀, òtítọ́ ni ońṣẹ́ ń sọ, a sì ní láti wá ibi tí omi ń gbà lọ.

Nínú ike omi Golf, irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni ó rì sínú omi. Iná bátìrì díẹ̀ a máa ti ara ọ̀kan gba inú omi lọ sára èkejì. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá bo irin méjèèjì, iná bátìrì rí ọ̀nà gbà, ohun gbogbo sì dákẹ́. Bí omi bá lọ sílẹ̀, ọ̀nà já, iná pupa a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó ti sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún láyé ti mu oríṣiríṣi omi: omi kànga, omi odò, omi ẹ̀rọ. Ohun bí ẹfun tí ó wà nínú omi wọ̀nyí, pẹ̀lú ìpẹtà irin, a máa lẹ̀ mọ́ irin méjèèjì gẹ́gẹ́ bí ó ti ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò tí a fi ń se omi lójoojúmọ́. Nígbà tí ó bá yá, iná bátìrì kò ní lè kọjá mọ́, bí omi tilẹ̀ kún dé ọrùn. Nínú àwọn ọkọ̀ mìíràn, bíi BMW kan, ohun kékeré kan tí ń léfòó, tí ó ní òòfà nínú, ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ìdọ̀tí lè há a mọ́ ìsàlẹ̀ kí ó má lè gòkè mọ́.

Rẹ́wáyà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ní ìdánwò kan fún ti Golf, tí kì í pẹ́. Yóò yọ wáyà tí ó wọ ara ike náà, yóò sì fi wáyà kékeré kan so ojú méjèèjì pọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí iná pupa bá kú, wáyà kò ní ẹ̀ṣẹ̀. Irin inú ike ni kí a fọ̀, tàbí kí a pààrọ̀ ike náà. Bí kò bá kú, wáyà ti já níbì kan, tàbí ojú rẹ̀ ti dípẹtà. Láti fọ ike, a ó dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, a ó tú u, a ó fi abọ́ gba omi rẹ̀, a ó rọ omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà sí i di ọjọ́ kejì, a ó sì fi omi mímọ́ ṣàn án léraléra.

Ohun tí kò dára ni ti àwọn mẹkáníìkì kan tí wọ́n máa ń so wáyà méjèèjì pọ̀ tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iná pupa kú lóòótọ́, onímọ́tò sì dúpẹ́, ó sanwó. Láti ọjọ́ náà, omi lè tán porogodo nínú ọkọ̀ náà, kò sí ohun tí yóò sọ fún awakọ̀ títí èéfín yóò fi yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Bí omi bá ń lọ sílẹ̀ lóòótọ́, kí a tẹ́ páálí sábẹ́ ẹ́ńjìnnì di ojúmọ́. Omi tí ó kán síwájú ń tọ́ka sí rédíétọ̀; èyí tí ó kán sí ẹ̀gbẹ́ tí bẹ́ẹ̀tì wà ń tọ́ka sí wọ́tà pọ́ǹpù. Ní ẹ̀gbẹ́ orí ẹ́ńjìnnì Golf, ike kan wà tí họ́ọ̀sì wọ̀ sí, tí ooru ọdún púpọ̀ a máa sọ di gbígbẹ títí yóò fi sán; ibẹ̀ ni kí a tètè yẹ̀ wò. Nígbà púpọ̀, páálí yóò gbẹ, nítorí omi tí ó jò sára irin gbígbóná ti gbẹ kí ó tó balẹ̀. Ipa funfun tàbí ipa aláwọ̀ tí ó fi sílẹ̀ ni kí a wá. Bí kápẹ́ẹ̀tì níwájú bá ń tutù, tí kùrukùru sì ń bo gíláàsì láti inú, rédíétọ̀ kékeré tí ń mú inú ọkọ̀ móoru ni ó ń jò. A kì í sábà lò ó ní ilẹ̀ wa, nítorí náà ni a kì í fi í rántí rẹ̀.

Ìdérí náà ńkọ́? Rọ́bà inú rẹ̀ a máa gbó, ipá a sì máa sá jáde kí àkókò tó tó. Omi a hó, a sì fẹ́ lọ láìkán sílẹ̀. Ìdérí tuntun kò wọ́n. Kò bójú mu láti máa tú ẹ́ńjìnnì kí a tó pààrọ̀ rẹ̀.

Èyí tí ó ń dẹ́rù ba gbogbo onímọ́tò ni tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, nítorí ó lè gba gbogbo ohun tí awakọ̀ kan pa ní oṣù púpọ̀. Ó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì, tí a fi alumíníọ̀mù ṣe, àti ara rẹ̀, tí ó jẹ́ irin. Bí ooru bá pọ̀ jù, alumíníọ̀mù a máa fẹ̀ ju irin lọ, orí a wọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì a sì jánu. Àmì rẹ̀ ni èéfín funfun kíkì tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, ọ́ìlì tí ó dà bí tíì oníwàrà, ìhó tí ń sọ kútú nínú ike omi, àti họ́ọ̀sì tí ó le gan-an láìpẹ́ lẹ́yìn tí a ta ẹ́ńjìnnì tútù jí. Ṣùgbọ́n kí a má fi àmì kan ṣoṣo dájọ́. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, ọkọ̀ tí ara rẹ̀ le pàápàá a máa yọ èéfín funfun fún ìgbà díẹ̀. Omi ìdánwò kan wà, aláwọ̀ búlúù, tí a ń gbé sí ẹnu ike omi nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bí èéfín inú ẹ́ńjìnnì bá ti ń wọ inú omi, yóò di òféèfé. Bákan náà ni pọ́ǹpù ọwọ́ kan wà tí a fi ń ti afẹ́fẹ́ sínú ike nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, tí a ó sì máa wo géèjì rẹ̀ bóyá ó ń lọ sílẹ̀. Onímọ́tò ní ẹ̀tọ́ láti béèrè fún méjèèjì kí ó tó gbà pé kí wọ́n tú orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Àwọn kan gbà pé omi lásán tó, pé kúláńtì wà fún ilẹ̀ òtútù tí omi ti ń dì. Òtítọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò pé. Kúláńtì kì í jẹ́ kí irin àti alumíníọ̀mù dípẹtà, ó sì ń mú kí omi pẹ́ kí ó tó hó. Ìdajì rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì omi mímọ́ ni ó dára jù fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Kí a má wo àwọ̀ nìkan kí a tó pa oríṣi méjì pọ̀, nítorí àwọn kan wà tí kò bára mu, tí wọ́n lè di ẹrẹ̀ nínú rédíétọ̀. Bí omi bá tán lójú ọ̀nà, omi mímọ́ sàn ju òfo lọ, ṣùgbọ́n kí a dúró kí irin tutù ná. Omi tútù tí a dà sí irin tí ń jó lè mú un sán.

Lẹ́yìn àtúnṣe, omi a máa lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì bí afẹ́fẹ́ tí ó há sínú họ́ọ̀sì ti ń jáde. Èyí kì í ṣe jíjò. Kí a bù ú dé àmì ní òwúrọ̀, kí a má sì jẹ́ kí ó kọjá MAX, nítorí omi gbígbóná a máa fẹ̀.

Kúláńtì àtijọ́ tí a dà jáde kò gbọdọ̀ wà nínú abọ́ lẹ́yìnkùlé. Ó ń dùn lẹ́nu, májèlé sì ni: ajá, ewúrẹ́ àti ọmọdé lè mu ún, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì tó láti ba kídìnrín jẹ́ tàbí láti pa ènìyàn. Inú gálọ́ọ̀nù tí ó ní ìdérí ni kí a dà á sí, kí a kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára, kí a sì gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Bí ẹnikẹ́ni bá mu ún, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ṣì dá ṣáṣá.