Tọkọtaya tó fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ gbafẹ́ ní Holland: Ẹ má fi ara yín sílẹ̀ lójú ọ̀nà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ tọkọtaya tó fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ rin ìrìn-àjò ìgbafẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ mu. Ìdí ni pé kì í ṣe òkè nìkan ló ń ba irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ohun tó tètè máa ń bà á jẹ́ ni kí ẹnì kan ti gun kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ lọ síwájú réré, kí ẹnì kejì máa mí hẹlẹhẹlẹ bọ̀ lẹ́yìn. Kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n máa sùn, ìjà ti dé.

Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwá là ń sọ o. Kẹ̀kẹ́ ológeere tí àwọn bàbá wa ń gùn lọ sóko àti síléèwé láyé Raleigh la ní lọ́kàn. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀pọ̀ ló gbà pé ẹni tí kò rówó ra mọ́tò ló ń gun kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Holland, kẹ̀kẹ́ tó wà níbẹ̀ ju iye ènìyàn lọ. Kódà, Mark Rutte, tó jẹ́ olórí ìjọba ibẹ̀ láti 2010 sí 2024, a máa gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́.

Fún tọkọtaya Yorùbá tó ń gbé ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ kò jìnnà rárá. Ọkọ̀ ojú omi ń gbéra láti Harwich lọ sí Hoek van Holland, wọ́n sì lè ti kẹ̀kẹ́ wọn wọnú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà rántí pé físà ìlú Gẹ̀ẹ́sì kò lè gbé òun wọ Holland. Físà Schengen ló máa gbà, kó sì tètè bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀.

Ilẹ̀ Holland tẹ́ pẹrẹsẹ. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ ìtẹ́jú òkun. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí èyí tàn yín jẹ. Atẹ́gùn ni òkè tiwọn. Ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló ti sábà máa ń fẹ́ wá, kò sì sí òkè tó máa dá a dúró. Ẹni tó bá dojú kọ ọ́, 20 kìlómítà lè dà bí 40 lára rẹ̀. Nítorí náà, ẹ ṣètò ọ̀nà yín kí atẹ́gùn lè máa ti yín lẹ́yìn ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Bó bá sì dojú kọ yín, kí ọ̀kan wà níwájú láti gba atẹ́gùn náà sára, kí ìkejì tẹ̀ lé e pẹ́kípẹ́kí, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ipò.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni kí ẹ fi agbára ẹni tó ń rọra gùn ún ṣe òdiwọ̀n. Kí ẹ tó san owó kankan, ẹ jọ gun kẹ̀kẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin nítòsí ilé yín. Kí ẹni tí kò yára wà níwájú, kí ẹ wo iye kìlómítà tó lè gùn kí ìdí àti orúnkún tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Iye yẹn ni kí ẹ fi ṣètò, kì í ṣe èyí tí alágbára inú yín lè gùn. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, 30 kìlómítà lójúmọ́ ti tó.

Bí agbára yín bá jìnnà síra jù, ẹ háyà kẹ̀kẹ́ oníbátìrì fún ẹnì kan. Yóò ṣì máa fẹsẹ̀ wà á, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kékeré ara rẹ̀ yóò máa ràn án lọ́wọ́, títí eré rẹ̀ yóò fi dé 25 kìlómítà ní wákàtí kan. Kí ọkọ má sì rò pé ìyàwó òun ló máa nílò rẹ̀ dandan. Ó lè jẹ́ òun gan-an ni.

Ní ti ọ̀nà, ìrònú kékeré kan ló mú un rọrùn. Lọ́dún 1995, ní agbègbè Limburg ní Bẹ́ljíọ̀m, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ńbà sí oríta tí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ti pàdé. Hugo Bollen, tó ti ṣiṣẹ́ ẹnjiníà níbi ìwakùsà, ló mú àbá náà wá. Ètò yìí ti tàn dé gbogbo Holland báyìí. Ẹ kàn máa kọ nọ́ńbà mélòó kan sínú ìwé pélébé, ẹ ó sì máa tẹ̀ lé àmì láti ọ̀kan dé èkejì. Bó bá rẹ̀ yín, ẹ yọ nọ́ńbà méjì kúrò, ọ̀nà ti kúrú nìyẹn.

Ẹ wo àpẹẹrẹ ètò ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ gbéra láti Hoek van Holland lọ sí Delft, bíi 25 kìlómítà, kí ẹ sì sùn níbẹ̀ lálẹ́ méjì. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi ẹrù sílé, kí ẹ lọ wo òkun ní Scheveningen lẹ́bàá The Hague, bíi 30 kìlómítà àlọ àtàbọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ lọ sí Rotterdam, bíi 15 kìlómítà, kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń gba kẹ̀kẹ́ lọ sí Kinderdijk. Níbẹ̀ lẹ ó ti rí ilé ẹ̀rọ 19 tí atẹ́gùn ń yí, tí wọ́n fi ń fa omi kúrò lórí ilẹ̀ láyé àtijọ́. Àjọ UNESCO fi wọ́n sínú ogún àgbáyé lọ́dún 1997. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ padà sí Hoek. Bí atẹ́gùn bá le jù, ọkọ̀ ojú irin métírò ń ti Rotterdam lọ síbẹ̀, ó sì ń gba kẹ̀kẹ́ nígbà tí èrò kò bá pọ̀.

Òfin ibẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà, kì í ṣe ọwọ́ òsì bíi ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá rí àmì funfun bí eyín, tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí yín lójú títì, ẹ dúró kí ẹlòmíràn kọjá. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2019, wọ́n ti fòfin de mímú fóònù lọ́wọ́ lórí kẹ̀kẹ́. Ẹ gbọ́dọ̀ tan iná lálẹ́. Ẹ sì yẹ bíréèkì wò, nítorí ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ wọn jẹ́ èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ wà sẹ́yìn kó tó dúró. Inú wa dùn láti sọ pé òfin wọn gba ènìyàn méjì láyè láti gun kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí wọn kò bá ti dí ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Èyí gan-an ló yẹ tọkọtaya. Nítorí náà, kí ẹ tó gbéra nílé, ẹ fi ẹnu kò sí ohun kan: ẹni tó bá ti sọ pé ó rẹ òun, àwọn méjèèjì á dúró, kò sí àríyànjiyàn. Ẹni tó kọ́kọ́ dé kò gba ẹ̀bùn kankan. Kí ẹ jọ dé ló dára jù.